Ẹ Nusẹ̀ Yín Kí Ẹ Tó Wọlé

Ẹni tó bá sọ fún yín pé olófòófó ni mí, ẹ bi í pé ta ló sọ fún òun. Èmi kì í tọpinpin ẹnikẹ́ni. Àga mi ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ibẹ̀ ni mo ti ń ta àgbo, ojú mi kò sì fọ́. Ohun tó bá gba iwájú mi kọjá, ṣé kí n dijú fún un ni?

Ọ̀rọ̀ ìnusẹ̀ onírin ilé wa ni mo fẹ́ sọ. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu Ìyá Oníṣu. Ẹ fi tiyẹn sílẹ̀. Ẹni tó lọ ná ọjà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, kí ló mọ̀? Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, kí n tún ìró mi ró, kí n rò ó fún yín látilẹ̀.

Mọ́níyà là ń gbé, lọ́nà tó ti Òjóò lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa mọ irú ilẹ̀ tí à ń tẹ̀. Láti oṣù Kẹrin tí òjò bá ti gbéra, títí wọ oṣù Kẹwàá, àfi ìsinmi díẹ̀ tó máa ń fún wa nínú oṣù Kẹjọ, ẹrẹ̀ pupa ni ṣáá. Kì í ṣe ẹrẹ̀ tí èèyàn ń gbọn ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó ń já bọ́ o. Èyí máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà, á tún ránṣẹ́ pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, títí èèyàn ò fi ní lè gbẹ́sẹ̀ mọ́. Ọmọ Bàbá Onílé tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ ní yunifásítì ló là mí lóye pé irin ló pọ̀ nínú ilẹ̀ náà, pé irin tó ti dógùn-ún ló jẹ́ kó pọ́n bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ṣé irú èyí tó ń jẹ páànù orí ilé wa?" Ó ní, "Ìyá, ọ̀kan náà ni." Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín, a ṣì ń bọ̀ wá bá a.

Kí ìnusẹ̀ yìí tó dé, mo ti mọ ẹrẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kà bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ẹrẹ̀ pupa tó ní iyanrìn nínú, ọ̀nà ibùdókọ̀ rélùwéè ló ti wá, ìyẹn ni pé onítọ̀hún wọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé. Ẹrẹ̀ pupa tó ki, tí kò ní iyanrìn, ẹ̀yìn ọjà ni. Ẹrẹ̀ dúdú, àkùrọ̀. Ẹ wá gbọ́ mi o: Tísà tó ń gbé yàrá kẹta sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àìsùn àdúrà lòun ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ẹsẹ̀ tó ń gbé wálé, ẹrẹ̀ dúdú ló wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi ò sì mọ ṣọ́ọ̀ṣì kankan ní àkùrọ̀ yẹn. Opó kan tó ń gbin ẹ̀fọ́ ló wà níbẹ̀. Ta ló bi mí? Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo kàn ń fi ṣàlàyé irú ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ ni.

Ìjà ló bí ìnusẹ̀. Ilé oníyàrá mẹ́wàá ni tiwa, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo ló sì wà láàárín. Ìyá Oníṣu ló kàn láti nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ó nù ún tán, ó ń fọwọ́ na ẹ̀yìn, ni Ìyàwó Tísà bá wọlé tòun ti bàtà gogoro, ó fi ẹrẹ̀ sàmì láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹnu yàrá rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ síra wọn lọ́jọ́ náà kò ṣeé wí níbi tí ọmọdé bá wà. Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ wá kí mi nírọ̀lẹ́.

Bàbá Onílé pe ìpàdé. Ẹ̀yin ò mọ ìpàdé ilé wa. Owó iná la fi ń bẹ̀rẹ̀, owó iná la fi ń parí rẹ̀, ẹni tó ní fíríìjì méjì yóò sì búra pé gílóòbù kan ṣoṣo lòun ń tàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bàbá na ọ̀pá sílẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ nìkan la máa sọ.

Àpò ìrẹsì la kọ́kọ́ tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà. Àpò ìrẹsì a máa nu ẹsẹ̀ ẹni mẹ́ta. Tó bá ti di orí ẹni kẹrin, òun gan-an ló ń fi ẹrẹ̀ síni lẹ́sẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì àlòkù Tísà ló tẹ̀lé e. Ó fa omi mu, ó ń rùn, ológbò Ìyá Ìbejì sì sọ ọ́ di ilé ìyàgbẹ́. Bàbá Onílé wá kó ìdérí ìgò mínírà jọ, ó kàn wọ́n mọ́ pákó kan, ó dojú wọn sókè kí eyín wọn lè máa ha abẹ́ bàtà. Èyí dára o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó hà á dáadáa. Àmọ́ ẹrẹ̀ tó há sínú ìdérí wọ̀nyẹn kò ríbi jáde. Ká tó wí ká tó fọ̀, ó ti kún dẹ́múdẹ́mú, eyín kò yọ mọ́. Pákó náà sì wà lórí ilẹ̀ tútù. Ikán gbọ́, ikán dé.

Ibẹ̀ ni bàbá ti ní irin lòun máa fi ṣe é, kí òun tó kú, kí àwọn ọmọ òun lè bá a níbẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ló fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ilé àtijọ́ kan ni, òkúta ni àtẹ̀gùn rẹ̀, irin kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn: òpó kúkúrú méjì, wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ kan há àárín wọn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dojú sókè. Ó ní ó pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé àtijọ́ níbẹ̀, pé láyé ìgbà tí ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́ káàkiri ìgboro wọn, ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹṣin ló kún títì, ẹni tó bá sì fẹ́ wọlé yóò kọ́kọ́ ha bàtà rẹ̀ sórí irin yẹn. Ìgbẹ́ ẹṣin, ní Lọ́ńdọ̀nù! Inú mi dùn débi pé mo ní kí bàbá tún fi fọ́tò náà hàn mí.

Mo ní, "Bàbá, ẹ wò ó bí irin yìí ṣe dúró. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wà lókè." Wọn ò dá mi lóhùn. Alágbo ni mí, kí ni mo mọ̀ nípa irin?

Bọ̀dá Wẹ́dà tó ń gbé yàrá ìkẹyìn ló gba iṣẹ́ náà. Ródì 12mm tó ṣẹ́kù nígbà tí bàbá ń kọ́ ilé kejì ló fi ṣe é. Ó gé e, ó tò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó jó o mọ́ férémù, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Òjò rọ̀ lálẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a rí ohun tí ródì ń ṣe: ródì rí roboto, kò ní ẹnu tó lè fi gé ẹrẹ̀. Bàtà kàn ń yí lórí rẹ̀ ni, ẹrẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ bàtà, á tún wọlé. Ó tún ń yọ̀. Bàbá Onílé fúnra rẹ̀ yọ̀ lórí rẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ ògiri. Àlàfo tó wà láàárín ródì kan sí èkejì sì fẹ̀. Ìyàwó Tísà gbé bàtà gogoro dé, gìgísẹ̀ bàtà wọlé ṣòòrò, ó há. Ó fà á, kò yọ. Ó fi bàtà sílẹ̀, ó bọ́ ẹsẹ̀ lásán sínú ẹrẹ̀, Ìyá Oníṣu sì jókòó síbi tó ti ń bó iṣu, ó ń rẹ́rìn-ín sínú aṣọ. Ẹ̀rín náà fẹ́ dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Èmi ni mo là wọ́n, lẹ́yìn tí mo gbọ́ ọ tán.

Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Bọ̀dá Wẹ́dà kò bínú. Ó ya ródì yẹn kúrò, ó ní fúláàtì bá lòun máa lò, irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó íǹṣì kan, kí òun dá a dúró lórí ẹ̀gbẹ́ kí ẹnu rẹ̀ lè máa gé ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ bàtà. Ó wo ojú mi. Mo wo ojú ọ̀run. Ó ní irin pẹlẹbẹ tó bá nàró bẹ́ẹ̀ kì í tètè tẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹni tó sanra jù ló gùn ún, pé tó bá dùbúlẹ̀ nìkan ló máa ń tẹ̀ kọrọdọ. Ìyá Ìbejì bi í pé ta ló ní ó sanra jù. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ibi tí àríyànjiyàn pọ̀ sí jù ni ti àlàfo. Bí irin kan bá sún mọ́ èkejì jù, ẹrẹ̀ yóò há sáàárín, á sì di ti ìdérí ìgò. Bí àlàfo bá sì fẹ̀, ẹrẹ̀ á jábọ́ lọ sísàlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìka ẹsẹ̀ ọmọdé ń kọ́, gìgísẹ̀ Ìyàwó Tísà náà ń bẹ. A jókòó lé e lórí títí ilẹ̀ fi ṣú. Níkẹyìn, wọ́n fi í sí bí ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin íǹṣì kan, wọ́n sì fi abala irin pẹlẹbẹ kan bo apá òsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹni tó bá wọ bàtà gogoro lè máa gba ibẹ̀. Ọ̀nà Ìyàwó Tísà là ń pè é di òní. Kò fẹ́ràn orúkọ náà, àmọ́ ibẹ̀ ló ń gbà.

Bọ̀dá Wẹ́dà tún fi gíráńdà gé eyín wẹ́wẹ́ sẹ́nu irin kan, ó fi èkejì sílẹ̀ láìléyín, bẹ́ẹ̀ ló ṣe tò ó lọ. Eléyín ń fa ẹrẹ̀ tó wà nínú ìlà abẹ́ bàtà, aláìléyín ń pa á nù. Ó fi fáìlì pa gbogbo igun tó mú, nítorí àwọn ọmọ tó máa ń sáré láìwọ bàtà.

Ẹ jẹ́ n dúró níbí kí n sọ ti ibà tó mú Bọ̀dá Wẹ́dà. Tí mi ò bá sọ ọ́, ẹlòmíràn á sọ ọ́ fún yín ní òdì.

Páìpù omi àlòkù kan ló rí tó fẹ́ fi ṣe ẹsẹ̀ férémù, gáfánáìsì ni. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ó bá wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn, ó ń jó o pọ̀. Èéfín funfun ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn, èmi rí i. Nígbà tó di alẹ́, ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n rìrìrì, ó ní ẹnu òun dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń lá irin. Kíá, ilé gbà á. Ìyá Oníṣu ní ẹ̀gúsí tí ìyàwó rẹ̀ sè ni. Ìyá Ìbejì ní rárá, pé ayé ni, pé ẹnìkan ń ṣe ìlara iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹnìkan tún ní Ògún ló ń bínú pé kò fún òun ní ajá. Èmi ò dá sí i. Mo gbé ìgò àgbo ibà kan fún un, mo gba owó mi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jí, ó jẹ ẹ̀kọ, kò sóhun tó ń ṣe é mọ́. Mo polówó àgbo náà káàkiri Mọ́níyà.

Ọmọ Bàbá Onílé, nọ́ọ̀sì, ló ba ọjà mi jẹ́ lórí fóònù. Ó ní síǹkì tí wọ́n fi bo páìpù gáfánáìsì ló ń di èéfín tí iná wẹ́dà bá kàn án, ẹni tó bá sì fà á símú, ibà á mú un lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ibà ọ̀hún kì í sábà kọjá ọjọ́ kan sí méjì kó tó lọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní àwọn wẹ́dà máa ń mu mílíìkì sí i. Ó ní mílíìkì kò dí èéfín lọ́nà; kó ha síǹkì náà kúrò níbi tó fẹ́ jó, kó jáde sí gbangba níbi tí atẹ́gùn wà, kó sì fi nǹkan tó dára bo imú. Bọ̀dá Wẹ́dà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí. Ìyàwó rẹ̀ sì bá Ìyá Oníṣu yan odì lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gúsí. Owó àgbo ńkọ́? Kò bi mí, èmi náà ò sọ̀rọ̀.

Mo ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ pupa sọ́kàn. Gbogbo ilé ló ń pariwo ọ̀dà, ọ̀dà. Bọ̀dá Wẹ́dà ní ọ̀dà tí bàtà ń ha láàárọ̀ àti lálẹ́, ìgbà wo ni yóò tó ṣí? Tó bá ṣí, omi àti afẹ́fẹ́ á bá irin, á dógùn-ún, á sì padà di ohun tó wà nínú ẹrẹ̀ tí bàtà ń gbé wá. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń ri irin bọ inú síǹkì gbígbóná ló dára jù, pé síǹkì yóò kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ jìn kí ìpalára tó dé ara irin, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó ilé oníyàrá mẹ́wàá. Ohun tó ṣe ni pé ó lo irin tó ki, 5mm, dípò 3mm tí gbogbo ayé ń lò, kó lè pẹ́ kí ìdógùn-ún tó jẹ ẹ́ tán. Ó kun abẹ́ rẹ̀ àti férémù ní ọ̀dà pupa àwọn wẹ́dà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ láìkùn. Bàtà ló ń bá wa dán an. Ẹ wá wò ó láàárọ̀ tí oòrùn bá yọ, ẹnu irin yẹn ń kọ mànà.

Ihò tó wà lábẹ́ rẹ̀, Bàbá Onílé ló ni ọgbọ́n yẹn, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ tó íǹṣì mẹ́fà, wọ́n mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní sìmẹ́ńtì, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀. Bọ̀dá Wẹ́dà ní ó ti tó. Bàbá ní kò tó, àfi kí páìpù wà tí yóò máa gbé omi lọ sí gọ́tà. Ó ní òun wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 tí odò Ògùnpa ya, pé òjò rọ̀ púpọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtí tí àwọn èèyàn dà sódò ló dí ọ̀nà omi tó fi wá gba ilé onílé. Ó ní omi tí ẹ kò bá wá ọ̀nà fún, yàrá yín ló máa gbà. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ẹni tó bá ti rí Ògùnpa lọ́dún náà, èèyàn kì í bá a jiyàn ọ̀rọ̀ omi. Wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀.

Wọ́n wá fi híńjì ilẹ̀kùn méjì so irin náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, kí a lè máa gbé e sókè láti kó ẹrẹ̀ inú ihò. Ẹ̀gbẹ́ kejì, ṣéènì àti àgádágodo. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn tó ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ń kiri, ọmọ àdúgbò kan ò sì kọ̀ kó gbé ìnusẹ̀ wa lọ wọ̀n fún wọn.

Ó kù kékeré kí inú mi bàjẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ẹrẹ̀ tí mo lè kà mọ́. Àfi bí ọjọ́ Ẹtì ṣe dé. Mo wà lórí ibùsùn, mo kàn gbọ́ gbaga! Irin yẹn ń dún! Gbogbo ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ló ní ìró tirẹ̀. Ìyá Ìbejì, ẹ̀ẹ̀kan, ó wúwo. Bàbá Onílé, ọ̀pá ló ń kọ́kọ́ kàn án. Bọ̀dá Wẹ́dà ní òun máa fi rọ́bà sábẹ́ férémù kó má dún mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fún un ní àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n Tísà, mi ò gbọ́ ọ. Bí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ṣe mọ́, ẹrẹ̀ dúdú wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ kejì sẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà ń fò ó ni! Ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ni irin náà gùn, ẹsẹ̀ Tísà sì gùn. Mo fi han Bàbá Onílé. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo kàn ní ó jọ pé irin náà kúrú. Bàbá fọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó ní kí Bọ̀dá Wẹ́dà fi ẹsẹ̀ bàtà méjì kún un, kí ẹsẹ̀ méjèèjì ẹni tó bá ń wọlé lè kàn án. Wọ́n ní kí gbogbo yàrá tún dáwó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe tiyín, ẹ má gbà fún wẹ́dà tó bá ní ródì lòun máa lò. Irin pẹlẹbẹ, kó nàró, kó ki. Kí ihò wà lábẹ́ rẹ̀, kí omi ríbi lọ, kí ó ṣeé ṣí, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí yóò máa kó ẹrẹ̀ rẹ̀ sára ògiri, nítorí ihò tí a kò kó, ọ̀sẹ̀ kan ló máa kún. Kó sì gùn ju ìṣísẹ̀ ọkùnrin kan lọ. Bọ̀dá Wẹ́dà ń gba iṣẹ́, ẹ wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Owó àfikún yẹn náà, yàrá mẹ́sàn-án ti san tiwọn. Ẹ má bi mí pé yàrá wo ló kù. Yàrá kẹta ni.